Òkè Tí Mọ́tò Kò Gùn Tán: Òpin Ọ̀sẹ̀ Ẹ̀kọ́ Àwọn Oníjíìpù ní Victoria

Ní ìpínlẹ̀ Victoria, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, ẹni tó bá ra jíìpù lónìí lè wà á wọgbó lọ́la. Láísẹ́ńsì tó fi ń wa mọ́tò kékeré kiri ìgboro Melbourne náà ni yóò fi wa jíìpù gun òkè, òfin kò sì bi í bóyá ẹnì kan ti kọ́ ọ rí. Àwọn ẹgbẹ́ oníjíìpù ló ń bi í. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ọmọ ẹgbẹ́ tuntun kò ní bá wọn rin ìrìn tó le, àfi tó bá kọ́kọ́ lo òpin ọ̀sẹ̀ kan lábẹ́ àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́: kó sùn nínú àgọ́, kó gun òkè tí mọ́tò rẹ̀ kò ní lè gùn tán, kó la odò kọjá, kí wọ́n sì fà á yọ nínú ẹrọ̀fọ̀ níṣojú gbogbo èèyàn.

Ẹni tó ń wò wọ́n lókèèrè lè pè é ní fàájì àwọn tówó ń yọ lẹ́nu. Lójú tèmi, ẹ̀kọ́ tó gbámúṣé ni, ó sì yẹ kí ẹni tó ní jíìpù níbikíbi láyé mọ ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Ohun tó wú mi lórí jù nínú rẹ̀ ni pé púpọ̀ nínú àkókò náà ni wọ́n fi ń kọ́ awakọ̀ bí yóò ṣe jáwọ́: bí yóò ṣe mọ̀ pé òkè yìí kò ṣeé gùn lónìí, bí yóò ṣe fẹ̀yìn rìn sọ̀ kalẹ̀ láìfara pa, bí yóò ṣe dúró de ẹlòmíràn.

Irú mọ́tò yìí kò tíì pẹ́ láyé. Lọ́dún 1941, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ni iléeṣẹ́ Willys bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Jeep fún àwọn ológun Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1948 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé Land Rover jáde níbi ìpàtẹ mọ́tò ní Amsterdam, àwọn àgbẹ̀ ni wọ́n sì kọ́kọ́ ní lọ́kàn. Ní Ọsirélíà, iṣẹ́ ńlá kan ló sọ wọ́n di ìlú mọ̀ọ́ká. Láti ọdún 1949 títí di 1974, ìjọba ń gbẹ́ ihò la abẹ́ àwọn Òkè Snowy kọjá, wọ́n ń sé odò, kí wọ́n lè fi omi ibẹ̀ pèsè iná mànàmáná, kí wọ́n sì fi bomi rin oko. Ọ̀nà tó dáa kò sí lórí àwọn òkè náà. Ọ̀pọ̀ Land Rover ló gbé àwọn òṣìṣẹ́ gòkè. Nígbà tó kù díẹ̀ kí àwọn ọdún 1950 parí, Leslie Thiess, kọngílá tó ní iṣẹ́ lọ́wọ́ níbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í kó Land Cruiser ti Toyota wọlé láti Japan. Mọ́tò tó bá ti yege lórí àwọn òkè yẹn, àgbẹ̀ wo ni kò ní fẹ́ ní in? Àwọn ará ìgboro náà rà á nígbà tó yá, wọ́n fẹ́ wà á dé ibi tí ọ̀dà kò dé, bí wọ́n sì ṣe ń há sínú igbó ni wọ́n ń rí i pé ó yẹ kí àwọn máa rìn pọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tó wà ní Victoria lónìí ló wà lábẹ́ àjọ tí ń jẹ́ Four Wheel Drive Victoria, tó ń bá ìjọba jíròrò lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀nà igbó, tó sì ń ṣètò ẹ̀kọ́.

Ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ló sọ ẹ̀kọ́ di dandan. Àwọn òkè tó wà ní ìlà-oòrùn Victoria ni ọkàn gbogbo oníjíìpù ń fà sí: àfonífojì Wonnangatta, ọ̀nà Billy Goat Bluff, ọ̀nà Blue Rag Range, àti ilé onígi Craig's Hut nítòsí Òkè Stirling, tí wọ́n kọ́ nítorí fíìmù The Man from Snowy River tó jáde lọ́dún 1982. Iná igbó jó ilé náà lọ́dún 2006, wọ́n sì tún un kọ́. Fóònù kì í rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mú ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀. Bí mọ́tò bá há lórí òkè lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, àwọn tó jọ wà níbẹ̀ ni yóò yọ ara wọn. Nígbà òtútù, ìjọba a máa ti ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀nà náà pa, láti Oṣù Kẹfà títí di òpin Oṣù Kẹwàá tàbí ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kọkànlá, torí pé òjò àti yìnyín ń mú ilẹ̀ rọ̀, táyà ńlá á sì gbẹ́ ẹ di kòtò tí àgbàrá yóò máa bá ṣàn.

Nítorí náà, ìtòsí ìlú ni wọ́n ti sábà ń kọ́ ẹni tuntun. Ọ̀kan nínú àwọn ibi tí oníjíìpù Melbourne ń lọ ni igbó ìjọba Mount Disappointment, ní nǹkan bí kìlómítà 60 sí àríwá ìlú náà. Hume àti Hovell, tí wọ́n rìnrìn àjò gba ibẹ̀ kọjá lọ́dún 1824, ló fi ìjákulẹ̀ wọn sọ òkè náà lórúkọ: wọ́n gùn ún kí wọ́n lè rí etíkun, igi kò sì jẹ́ kí wọ́n rí nǹkan kan. Iná igbó tó jà ní ọjọ́ 7 Oṣù Kejì ọdún 2009, tó pa èèyàn 173 ní Victoria, jó púpọ̀ nínú igbó yìí. Ẹni tó bá mọ ìtàn yẹn kò ní bínú nígbà tí olùkọ́ bá ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ iná ní ibùdó lálẹ́.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ kì í wáyé nínú igbó. Ní alẹ́ ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a pé jọ sí gbọ̀ngàn ẹgbẹ́, olùkọ́ a sì fi àwòrán hàn wọ́n bí agbára ṣe ń ti ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì dé ẹsẹ̀ mọ́tò. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oníjíìpù ti ń kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n fi owó wọn rà. Nígbà tí mọ́tò bá ń ya kọ́nà, ẹsẹ̀ tó wà níta ń rin ọ̀nà tó gùn ju ti inú lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi dífírẹ́ńṣà sáàárín àwọn méjèèjì kí ọ̀kan lè máa yára ju èkejì lọ. Lórí ọ̀dà, kò sí ohun tó dára tó o. Nínú ẹrọ̀fọ̀ ni wàhálà rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, torí pé agbára ẹ́ńjìnnì a máa wá ẹsẹ̀ tó rọrùn láti yí, bí omi ṣe ń wá ibi tó gẹ̀rẹ́. Bí ẹsẹ̀ kan bá wà lórí ẹrẹ̀ tó ń yọ̀, tàbí tó gbé sókè tí kò kan ilẹ̀, òun ni yóò máa yí lásán, èyí tó wà lórí ilẹ̀ gidi kò sì ní mira. Jíìpù tí kò ní lọ́ọ̀kù nínú dífírẹ́ńṣà, bí ẹsẹ̀ iwájú kan àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan bá ti ń yí lásán, ó ti dúró nìyẹn, bó ti wù kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lágbára tó.

Ojútùú rẹ̀ ni lọ́ọ̀kù tó ń so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ kí wọ́n jọ máa yí. Iléeṣẹ́ ARB, tí Anthony Ronald Brown dá sílẹ̀ ní Melbourne lọ́dún 1975, gbajúmọ̀ káàkiri ayé nítorí èyí tí wọ́n ń fi afẹ́fẹ́ tì. Nínú àwọn mọ́tò ayé òde òní, kọ̀ǹpútà ló ń fi bíréèkì di ẹsẹ̀ tó ń yí lásán mú, kí agbára lè lọ sí èkejì. Olùkọ́ a tún ṣàlàyé ìdí tí kò fi yẹ kí ẹni tí jíìpù rẹ̀ kò ní dífírẹ́ńṣà láàárín iwájú àti ẹ̀yìn máa lo 4H, ìyẹn ipò gíà tí agbára ti ń dé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìdín eré kù, lórí ọ̀dà gbígbẹ: iwájú àti ẹ̀yìn kì í rin iye kan náà ní kọ́nà, ara irin á fà, gíà á sì le. Ní ti 4L, tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò fọwọ́ kàn rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ra mọ́tò, eré ni ó ń dín kù kí agbára lè pọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ jíìpù, ó ń sọ eré di nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún ohun tó yẹ kó jẹ́, agbára tó ń dé ẹsẹ̀ mọ́tò á sì pọ̀ tó ìlọ́po méjì ààbọ̀. Mọ́tò tó wà nínú 4L lè rìn lọ́ra ju ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ láìkú. Gbogbo ohun tó kù nínú òpin ọ̀sẹ̀ náà dúró lórí ìyẹn.

Láàárọ̀ Sátidé, kí ẹnikẹ́ni tó wọ ojú ọ̀nà igbó, wọ́n á kọ́kọ́ tú afẹ́fẹ́ táyà. Ó máa ń ya ẹni tuntun lẹ́nu, torí ohun tó ti ń gbọ́ látìgbà tó ti ń wa mọ́tò ni pé kí táyà kún dáadáa. Táyà tó wà ní 38 lórí géèjì nígbà tó kúrò nílé, wọ́n á sọ ọ́ di nǹkan bí 25 fún ọ̀nà igbó olókùúta. Lórí yanrìn etíkun, ó lè wálẹ̀ dé 18 tàbí 16. Bí afẹ́fẹ́ bá dín kù, ibi tí táyà fi kan ilẹ̀ a gùn sí i, ìwọ̀n mọ́tò a sì tàn káàkiri. Táyà tó rọ̀ a tẹ̀ gba orí òkúta kọjá, kì í tètè lu, kì í sì í gbẹ́ ọ̀nà bàjẹ́. Ní K'gari ní ìpínlẹ̀ Queensland, erékùṣù yanrìn tó tóbi jù lágbàáyé, ọ̀pọ̀ mọ́tò tó ń rì kò nílò kí ẹnikẹ́ni fà wọ́n. Kí awakọ̀ tún tú afẹ́fẹ́ díẹ̀ sí i ló kù. Àmọ́ táyà tó rọ̀ kò fẹ́ eré. Ó ń gbóná, ó sì lè bọ́ lára rímù bí a bá sáré ya kọ́nà. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí ọmọ ẹgbẹ́ tí kì í gbé ẹ̀rọ ìfúntáyà rìn.

Àwọn mọ́tò á wá tò tẹ̀lé ara wọn. Ẹni tó mọ ọ̀nà ló ń ṣíwájú, àgbà awakọ̀ mìíràn á sì wà lẹ́yìn pátápátá kó má baà sí ẹni tó máa sọnù. Òfin kan wà tí mo fẹ́ràn: awakọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ni ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá dé oríta, kò ní kúrò níbẹ̀ títí ẹni ẹ̀yìn yóò fi rí ibi tó yà sí. Rédíò ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, èyí tó ní ìkànnì 80. Ìkànnì 40 ni àwọn onítírélà ń lò lójú pópó, àwọn oníjíìpù sábà máa ń wà lórí 10, ìkànnì 5 sì jẹ́ ti pàjáwìrì tí òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi tàkúrọ̀sọ.

Òkè ni ọkàn gbogbo ẹ̀kọ́ náà. Olùkọ́ kì í jẹ́ kí wọ́n wakọ̀ lọ bá a ní tààrà. Wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á fẹsẹ̀ gùn ún, wọ́n á wo ibi tí òkúta wà, ibi tí àgbàrá ti gbẹ́, ibi tí táyà kọ̀ọ̀kan yóò tẹ̀. Àwọn tó dé ibẹ̀ pẹ̀lú èrò pé eré la fi ń gun òkè, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba ìtọ́ni. Eré a máa gbé mọ́tò fò. Bí ẹsẹ̀ tó ń yí lófuurufú bá sì já lulẹ̀ lójijì, ṣáàfùtù lè ṣẹ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bà jẹ́: gíà kejì nínú 4L, ẹsẹ̀ tí kò gbọ̀n lórí iná, ojú tó ń wo iwájú.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá mú wọn lọ síbi òkè tó ga jù. Olùkọ́ á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, wọ́n á gùn ún dé àárín, mọ́tò kò ní lè lọ mọ́, tàbí kí olùkọ́ ní kó pa á. Ojú ọ̀run nìkan ni gíláàsì iwájú ń fi hàn. Bí awakọ̀ bá ṣe ohun tí ara rẹ̀ ń sọ fún un, yóò tẹ kílọ́ọ̀ṣì, tàbí kó jù ú sí fírì, mọ́tò yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀yìn sáré sọ̀ kalẹ̀ láìsí ohun tó dì í mú ju bíréèkì lọ. Lórí ilẹ̀ tó ń yọ̀, bíréèkì á kàn dé ẹsẹ̀ mọ́tò mọ́ ojú kan ni, gbogbo rẹ̀ á sì máa yọ̀ bọ̀. Ẹlòmíràn á fẹ́ yí sítíárìn kó lè kọjú sí ìsàlẹ̀. Ìyẹn ló burú jù, torí pé jíìpù ga. Bó bá ti dábùú òkè, kí ó yí gbirigbiri ló kù.

Ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn rèé. Tẹ bíréèkì gan-an. Fa bíréèkì ọwọ́. Jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì kú. Nínú mọ́tò tó ní kílọ́ọ̀ṣì, tẹ̀ ẹ́ wàyí, fi rìfáàsì 4L sí i, kí o sì tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ pátápátá. Ẹ́ńjìnnì tó ti kú yìí fúnra rẹ̀ ti di ohun tó di mọ́tò mú. Tú bíréèkì ọwọ́, rọra gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì, wo díńgí, jẹ́ kí sítíárìn dúró ṣánṣán, kí o wá yí kọ́kọ́rọ́. Mọ́tò yóò tan nínú rìfáàsì, yóò sì máa fẹ̀yìn rìn sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì kò kan nǹkan kan. Àwọn mọ́tò ìsinsìnyí kan wà tí kì í tan àyàfi tí a bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì, olùkọ́ á sì fi bí wọ́n ṣe ń ṣe tiwọn hàn. Mọ́tò ọ̀tọ̀mátíìkì ní ìlànà tirẹ̀: ẹsẹ̀ kò ní kúrò lórí bíréèkì títí rìfáàsì yóò fi mú, lẹ́yìn èyí la ó máa tú u díẹ̀díẹ̀.

Wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á tún un ṣe. Kò sí ohun tó ṣòro láti mọ̀ nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì ló ṣòro láti kọ́. Ó ti mọ́ ọn lára láti tẹ kílọ́ọ̀ṣì nígbàkígbà tí ẹ̀rù bá bà á, ìgboro ló sì ti kọ́ ìwà náà. Mo ti rí awakọ̀ tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tí itan rẹ̀ ń gbọ̀n lórí òkè yìí. Mo tún ti rí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba láísẹ́ńsì tó ṣe é láìṣàṣìṣe, torí pé kò tíì ní àṣà tó máa kọ̀ sílẹ̀. Àwọn olùkọ́ tó mọṣẹ́ kì í yin ẹni tó gun òkè dé orí tó bí wọ́n ṣe ń yin ẹni tó padà sílẹ̀ lọ́nà tó tọ́. Mo gbà pẹ̀lú wọn, nítorí ẹni tó mọ̀ pé òun lè padà láìséwu kì í fi ipá wá orí òkè.

Ìsọ̀kalẹ̀ rọrùn ju ìyẹn lọ. Gíà kìíní, 4L, ẹ́ńjìnnì ni yóò mú mọ́tò dání. Ohun kan ṣoṣo tó ta ko èrò ẹni níbẹ̀ ni pé bí ẹ̀yìn mọ́tò bá fẹ́ yọ̀ wá ẹ̀gbẹ́, a ó tẹná díẹ̀ kí táyà lè tún máa yí, kó sì gbá ilẹ̀ mú.

Ní ti odò, wọ́n á kọ́kọ́ fẹsẹ̀ wọ̀ ọ́. Ọ̀pá á wà lọ́wọ́ tí wọ́n fi ń wọn bó ti jìn tó, ẹsẹ̀ á sì máa wá òkúta àti kòtò. Bí omi bá lè gbé èèyàn, mọ́tò náà kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Wọ́n á dúró díẹ̀ kí ara mọ́tò tutù, torí pé irin gbígbóná tó bá bọ́ sínú omi tútù lójijì á fa omi wọnú dífírẹ́ńṣà. Wọ́n á ta tapólì bo iwájú mọ́tò. Nígbà náà ni wọ́n á wọ̀ ọ́, jẹ́jẹ́, eré kan náà láti etí dé etí, kí ìgbì kékeré lè máa lọ níwájú, kí omi sì fà sílẹ̀ níbi ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ́ńjìnnì bá fa omi mu, ó ti bà jẹ́ nìyẹn, torí omi kò ṣeé tẹ̀ bí afẹ́fẹ́. Òfin pé kí a fẹsẹ̀ wọ odò kọ́kọ́ ní ààlà o. Ní àríwá Ọsirélíà, ní Cahills Crossing lórí odò East Alligator, ọ̀nì wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ, ọ̀kan sì pa ọkùnrin kan tó fẹsẹ̀ wọ ibẹ̀ lọ́dún 2017. Níbẹ̀, inú mọ́tò lèèyàn ń wà, á wo ìwọ̀n tí wọ́n rì sẹ́gbẹ̀ẹ́ odò, á sì dúró títí ìgbà tí omi òkun bá fà.

Ilẹ̀ Sátidé kì í ṣú kí wọ́n tó pàgọ́. Ẹni tuntun á wá ibòji abẹ́ igi ńlá, àwọn àgbà á sì lé e kúrò níbẹ̀. Àwọn igi yukalípítọ́ọ̀sì ilẹ̀ náà a máa já ẹ̀ka sílẹ̀ láìsí atẹ́gùn, ẹ̀ka ọ̀hún sì lè wúwo tó èyí tó lè pa èèyàn. Àwọn kan ń sùn nínú àgọ́ orí mọ́tò, àwọn mìíràn nínú ibùsùn kánfáàsì tí wọ́n ń ká tí wọ́n sì ń tẹ́ sílẹ̀. Ní ti iná, òfin Victoria kò gba gbẹ̀rẹ́: ojú àrò tó wà nílẹ̀ tàbí kòtò tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 30, ilẹ̀ tí ohun tó lè gbiná kò sí ní mítà 3 yí i ká, àti ẹnì kan tó lè pa á tí kò ní fi í sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí ìjọba bá ní kí ẹnikẹ́ni má dáná, kò sí àríyànjiyàn, oúnjẹ tútù ni wọ́n á jẹ. Omi ni wọ́n fi ń pa iná náà. Wọn kì í fi yẹ̀pẹ̀ bò ó, torí ẹ̀yinná abẹ́ yẹ̀pẹ̀ lè wà níbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe gáà, á rìn jìnnà sí odò tó mítà 100, á gbẹ́ ilẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15, á sì bò ó.

Ìkòkò irin tó nípọn ni wọ́n fi ń se oúnjẹ. Wọ́n á gbé e sórí ẹ̀yinná, wọ́n á tún kó ẹ̀yinná sórí ọmọrí rẹ̀, ẹran àgùntàn àti ànàmọ́ á máa jinná nínú rẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́. Nídìí iná yẹn ni apá kan nínú ẹ̀kọ́ tí kò sí nínú ìwé ti ń wáyé. Ẹnì kan á sọ bí òun ṣe lo òru lójú ọ̀nà Wonnangatta, òmíràn á sọ ohun tó yẹ kó ti ṣe kí ó tó di alẹ́. Ọtí kì í pọ̀, torí ọ̀nà igbó náà jẹ́ ọ̀nà ìjọba: òfin 0.05 tó de awakọ̀ nígboro dè é níbẹ̀, awakọ̀ tuntun kò sì gbọdọ̀ ní ọtí kankan lára bó bá fẹ́ fọwọ́ kan sítíárìn láàárọ̀ Sọ́ńdè.

Sọ́ńdè ni ọjọ́ ìfàyọ, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí àwọn ará ilé fetí sí jù. Ẹni tó bá ti rí bí a ṣe ń fa mọ́tò yọ lójú ọ̀nà oko wa nígbà òjò mọ bó ṣe máa ń rí: ṣéènì tàbí okùn tí ẹnikẹ́ni kò mọ agbára rẹ̀, tí wọ́n so mọ́ ibikíbi tó bá yọ jáde lára mọ́tò, èrò rẹpẹtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn, àwọn ọmọdé láàárín mọ́tò méjèèjì, gbogbo ẹnu sì ń pàṣẹ. Inú rere ló kó wọn jọ, ikú sì wà láàárín wọn.

Ní Victoria, ṣọ́bìrì ló ṣáájú. Wọ́n á gbẹ́ iwájú táyà, wọ́n á tún tú afẹ́fẹ́ díẹ̀ sí i, wọ́n á ti pátákó oníke eléyín sábẹ́ táyà, irú Maxtrax tí Brad McCarthy ará Queensland ṣe. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí ìdí láti kọjá ibẹ̀. Bó bá di dandan láti fà á, okùn pẹlẹbẹ onínáílọ̀nù kan wà tó sábà máa ń gùn tó mítà 9, tó sì lè nà tó ìdá kan nínú márùn-ún gígùn rẹ̀. Mọ́tò tó ń fà á rọra gbéra nígbà tí okùn ṣì dẹ̀, okùn á nà, á kó agbára jọ, nígbà tó bá sì ń sún kì, á já mọ́tò tó rì gbà kúrò lójú kan. Òfin Ọsirélíà ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ sára rẹ̀: ìwọ̀n tó lè já okùn náà gbọ́dọ̀ wà láàárín ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ìwọ̀n mọ́tò tó fúyẹ́ jù nínú méjèèjì, tẹrùtẹrù. Bí jíìpù àti ẹrù rẹ̀ bá jẹ́ tọ́ọ̀nù 3, okùn tọ́ọ̀nù 8 bá a mu. Èyí tó kéré ju bẹ́ẹ̀ lè já, èyí tó lágbára jù kò ní nà, irin ara mọ́tò ni yóò sì gba gbogbo ìjà náà.

Ibi tí a so okùn mọ́ ló ń pa èèyàn. Ìkọ́ tí wọ́n fi bóòtù dè mọ́ egungun mọ́tò, tí wọ́n kọ agbára rẹ̀ sí i lára, nìkan ló ṣeé lò. Bọ́ọ̀lù irin tí wọ́n fi ń fa tírélà kò sí lára rẹ̀ rárá. Ó ti já rí ní Ọsirélíà, ó fò gba gíláàsì wọlé, ó sì pa ẹni tó wà nínú mọ́tò; ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí èyí ti ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé àpò tó wúwo lé àárín okùn kó lè wọ́ ọ wálẹ̀ bó bá já. Ìdí nìyẹn tí gbogbo èèyàn fi ń sún sẹ́yìn kọjá ibi tí okùn lè dé, tó fi jẹ́ awakọ̀ nìkan ló ń wà nínú mọ́tò kọ̀ọ̀kan, tó sì jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló ń pàṣẹ. Bí ẹnikẹ́ni mìíràn bá fọhùn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó lè sọ ni pé kí wọ́n dúró.

Wíńṣì ló kẹ́yìn. Wọ́n á fi bẹ́líìtì fífẹ̀ yí igi kó má baà bó èèpo rẹ̀, wọ́n á so wáyà mọ́ ọn. Bí mọ́tò bá rì jù, wọ́n á gba wáyà náà kọjá nínú kẹ̀kẹ́ irin kan tí wọ́n so mọ́ igi, wọ́n á sì dá orí rẹ̀ padà sára mọ́tò: agbára á di ìlọ́po méjì, ìyára á di ìdajì. Ó ń gba àkókò, kò sì sí ẹni tí ń kánjú.

Lọ́sàn-án Sọ́ńdè, wọ́n á fún táyà padà, wọ́n á yọjú wo abẹ́ mọ́tò bóyá nǹkan ti tú, wọ́n á sì fọ ẹrẹ̀ ara táyà kúrò. Ìmọ́tótó nìkan kọ́ ni wọ́n ń wá. Kòkòrò àìfojúrí kan tí ń jẹ́ Phytophthora cinnamomi ń gbé inú ẹrẹ̀, ó ń pa gbòǹgbò àwọn igi ilẹ̀ náà, táyà sì lè gbé e láti igbó kan dé òmíràn.

Olùkọ́ á wá pe awakọ̀ kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, á sọ ohun tó rí fún un. Àwọn ọ̀nà igbó Victoria ní àmì tó ń fi ìṣòro wọn hàn, láti orí òbìrípo aláwọ̀ ewé fún èyí tó rọrùn dé orí dáyámọ́ńdì dúdú méjì fún èyí tó le jù. Ẹni tó yege lè bá ẹgbẹ́ lọ sí àwọn ọ̀nà tó wà láàárín. Fún àwọn tó le jù, olórí ìrìn náà ni yóò wò ó bóyá ó ti tó. Ẹni tí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ṣì ń wá kílọ́ọ̀ṣì lórí òkè, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn tó ń bọ̀ níbi ẹ̀kọ́ tó kàn.